Ẹ Má Dá Ráútà Lẹ́bi Kí Ẹ Tó Gbọ́ Ẹjọ́ Wáyà

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, láti ìlú Benin ni a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ilé ìpàdé. Ọ̀rọ̀ owó tí ń ṣòfò nínú ilé wa ni, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó dákẹ́ tí a kò sì wádìí ohun tí ó pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ lè bi wá pé kí ni èyí kàn yín ní Kano, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Kàdúná. Ó kàn yín gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ ní Yunifásítì Benin, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1970. Ẹ̀yin ni ẹ ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tí ọmọ bá kọ̀wé pé ráútà ti bàjẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí kan náà ni àwa àti ẹ̀yin ti ń rí ara wa ṣe ìpàdé, òun náà ni oníṣòwò fi ń mọ̀ bóyá owó ọjà ti wọlé.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa níbí ra ráútà méjì láàárín ọdún kan. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́, ẹni tí ó ta ti àkọ́kọ́ fún un ni ó pè. Ọkùnrin náà dé, kò fọwọ́ kan wáyà kankan, ó ní ráútà ti kú. Ìyá kó èrè ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀, ó ra òmíràn. Wọ́n so ó bí wọ́n ti so ti ìṣáájú, òun náà kò sì ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ ni ó wá rí i pé wáyà tí ó ti ara àpótí ilé-iṣẹ́ wá ni ẹni tí ń gbálẹ̀ yọ, tí ó sì dá padà sínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n kì í bọ ihò tí a kọ WAN sí, íntánẹ́ẹ̀tì sì dé. Wọ́n dán ráútà àkọ́kọ́ wò, òun náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Oníṣòwò ni àwa náà, a kò bú oníṣòwò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé babaláwo tí ń dá ifá fún wa náà ni ó ń ta ewúrẹ́, ṣé ẹnu yóò yà wá bí gbogbo ifá bá ń béèrè ewúrẹ́? Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ń ta ráútà kọ́ ni ó yẹ kí ó dájọ́ ikú ráútà. Àwa tí a ni ilé ni kí a kọ́kọ́ wádìí, nítorí agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé ọwọ́ wa gùn púpọ̀. Okùn MainOne tí ó gba abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Potogí dé Èkó ní 2010 tó 7,000 kìlómítà. Ní 2020, Facebook àti MainOne kéde pé àwọn ń ri okùn tí ó ju 700 kìlómítà lọ mọ́lẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Edo àti ìpínlẹ̀ Ogun. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun lẹ́bàá Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ènìyàn dákẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn báńkì wa. Ráútà wo ni ènìyàn ìbá rà lọ́jọ́ náà tí yóò fi so okùn inú òkun?

Nítorí náà, ibi tí ọ̀nà ti já ni kí a kọ́kọ́ mọ̀. Ipele mẹ́ta ni ó wà nínú ilé: àpótí tí ilé-iṣẹ́ gbé wá, tí a ń pè ní mọ́dẹ́mù, ráútà tí ń pín in káàkiri ilé, àti fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́wọ́ wa. Àmì wáìfáì tí ẹ rí lójú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí pé íntánẹ́ẹ̀tì wà. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé fóònù àti ráútà ríra wọn.

Bí fóònù kan kò bá ṣiṣẹ́ tí èkejì ń ṣiṣẹ́, fóònù ni kí ẹ bi léèrè. Bí kò bá sí ọ̀kan tí ó ń ṣiṣẹ́, ẹ wo iná ara mọ́dẹ́mù. Lára ti okùn gíláàsì, bí iná tí a kọ LOS sí bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ kò dé inú ilé nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ pè. Bí kò bá pọ́n, ẹ yọ wáyà kúrò lára ráútà, ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà tààrà, kí ẹ pa mọ́dẹ́mù fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì tún tàn án. Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá dé síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi má sí lọ́rùn ráútà. Bí ó bá dé, ọ̀rọ̀ kù sáàárín mọ́dẹ́mù àti ráútà.

Síbẹ̀, ẹ má tíì sáré lọ sí ọjà. Àwọn mọ́dẹ́mù kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ tí a kọ́kọ́ so mọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn, títí a ó fi pa wọ́n kí a tó tún wọn tàn. Ẹ pa méjèèjì; ẹ tan mọ́dẹ́mù ṣáájú, kí iná rẹ̀ dúró, kí ẹ tó tan ráútà. Ẹ wò ó bóyá wáyà wà nínú ihò WAN. Ẹ wo ṣájà ráútà bóyá tirẹ̀ ni, nítorí èyí tí a kọ 9V sí kò lè ṣe iṣẹ́ 12V. Nígbà mìíràn, mọ́dẹ́mù àti ráútà a máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà, 192.168.1.1, bí ilé méjì tí ó ní nọ́ńbà kan ní òpópónà kan: apínlẹ́tà kò ní mọ èyí tí yóò wọ̀. Kí a yí ti ráútà sí 192.168.2.1, ìjà parí.

Ẹ sì kíyè sí ihò kékeré tí a kọ RESET sí. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú pípa àti títàn. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ráútà yóò gbàgbé gbogbo ohun tí a kọ́ ọ, títí kan orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fún yín. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwọn kan yóò ní a kì í ṣe ẹnjiníà, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ yóò ní ráútà yín ni, ẹni tí ó ta ráútà yóò ní ilé-iṣẹ́ ni, owó yín ni yóò sì máa jò láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá lè sọ pé, “Mo so ó tààrà, ó ṣiṣẹ́,” tàbí “Mo so ó tààrà, kò ṣiṣẹ́,” kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ yí i lórí.

A kò sọ pé ráútà kì í kú. Àrá a máa pa á, iná tí ó ga jù a sì máa pa á. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sì gbọ́, ẹ rà á pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Àbá wa nìyí. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ra wáyà gígùn kan, kí a sì wá kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ kan tí ó ní ihò wáyà, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tuntun kò ní in mọ́. Kí a yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò máa dán ilé ọmọ ẹgbẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí akọ̀wé sì kọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n rí sínú ìwé. Kí òbí kankan má sì fi owó ráútà ránṣẹ́ sí ọmọ ní Benin títí ọmọ yóò fi sọ ohun tí ó rí nígbà tí ó so ó tààrà.

Owó wáyà kan kò tó owó ráútà kan. Ẹ gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, kí ẹ sì fi èsì ránṣẹ́ sí wa.