Abẹ́rẹ́ Oṣù Mẹ́ta

Níhìn-ín ní Ẹdẹ, àwọn ìyàwó ilé a máa wá bá wa pẹ̀lú omijé: "Pásítọ̀, mo ti dá abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí dúró, oyún kò dé." Kí a tó kéde ààwẹ̀, a ó kọ́kọ́ bèèrè ìgbà tí wọ́n gba èyí tó kẹ́yìn.

Hòmóònù inú Depo-Provera kì í jẹ́ kí ẹyin obìnrin jáde. Oṣù 3 ni wọ́n ń kà fún un, ṣùgbọ́n kì í tètè tán lára. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ó ń tó nǹkan bí oṣù 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí oyún tó dúró. Kò ba ilé ọmọ jẹ́. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá yàtọ̀: bí wọ́n bá ti yọ ọ́, kì í pẹ́ rárá.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má tíì wá àjẹ́ kiri. Bí ó bá ju ọdún kan lọ, kí tọkọtaya jọ lọ rí dókítà; ọkọ náà ni kí wọ́n yẹ̀ wò (àwọn ọkùnrin wa kì í fẹ́ gbọ́ èyí). Ẹ rántí Hánnà: Élì tí í ṣe àlùfáà pàápàá rò pé ọtí ló ń pa á.

Ti ìyàwó tó gba abẹ́rẹ́ láìsọ fún ọkọ, a ó sọ ọ́ lóṣù tó ń bọ̀.