Lẹ́tà sí Àwọn Ẹ̀ńjíníà Kọ̀ǹpútà Lórí Orúkọ àti Ẹrù Oníbàárà

Ẹ̀yin ẹ̀ńjíníà kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tí ìsọ̀ yín kún Otigba ní Ìkẹjà fọ́fọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri ìgboro, láti Ìbàdàn Mẹsí Ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé títí dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbá ọmọ Olúmọ, mo kí yín kú iṣẹ́, mo kí yín kú àìsùn, mo sì kí yín kú ìfaradà ariwo jẹnẹrétọ̀. Bí kò bá sí yín ni, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ì bá ti ká iṣẹ́ wa nílẹ̀ tipẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀tanú ni mo fi mú kálàmù, n kò sì wá láti bú ẹnikẹ́ni. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n a ó bá a wí ná, nítorí àṣà méjì kan wà tí ó ti wọ̀ yín lẹ́wù, èyíinì ni bí ẹ ṣe ń sọ fódà oníbàárà lórúkọ, àti bí ẹ ṣe ń kó ẹrù rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ àtijọ́ lọ sí orí ẹ̀rọ tuntun.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi dọ̀la mọ́, nítorí pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àtìlẹ́yìn tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 dópin, Windows 11 sì ń béèrè fún TPM 2.0 àti ẹ̀rọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò pọ̀ jù, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ń bẹ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, àwọn lọ́yà àti àwọn oníṣòwò wa ni kò kún ojú òṣùwọ̀n náà. Ńṣe ni àwọn ènìyàn ń gbé ẹ̀rọ méjì wá sọ́dọ̀ yín, ọ̀kan tí ó ti gbó àti ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí wọ́n sì ń ní kí ẹ bá àwọn kó ayé àwọn láti inú èyí sínú ìyẹn.

Àwọn baba wa ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni ó ń wo ilé nínú yín? Ẹ̀rọ dé orí tábìlì, oníbàárà mẹ́ta mìíràn wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ tẹ ‘user’, tàbí ‘HP’, tàbí ‘admin’, tàbí orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín gan-an, ẹ sì kọjá lọ. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ kò mọ̀ pé orúkọ tí ẹ fi ìkánjú tẹ̀ yẹn ni Windows fi kọ́ ilé fún òun lábẹ́ C:\Users, pé inú ilé náà ni gbogbo ìwé, àwòrán àti orin òun yóò máa gbé, àti pé títí ẹ̀rọ náà yóò fi di àpatì, orúkọ yẹn ni yóò máa yọjú nínú àdírẹ́sì gbogbo fáìlì tí òun bá kọ. Bí ẹ bá sì fi ímeèlì rẹ̀ wọlé dípò kí ẹ tẹ orúkọ, ẹ̀rọ yóò gé lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú àdírẹ́sì náà, yóò fi sọ fódà lórúkọ láìbi ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n ṣe é lókè òkun lè má rí ohun tí ó burú níbẹ̀; ṣùgbọ́n láàárín àwa tí a ń jẹ́ Olúwaṣeun, Olúwatóbi àti Olúwadámilọ́lá, ènìyàn mẹ́fà lè wà ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo tí fódà olúkúlùkù wọn ń jẹ́ ‘oluwa’. Ẹ jọ̀wọ́, Olúwa kan ṣoṣo ni a mọ̀.

Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wá la ojú sí i, bóyá nítorí pé ó ti ṣe ìgbéyàwó tí orúkọ rẹ̀ sì ti yí padà, tàbí nítorí pé orúkọ àjèjì tí ó kọ́kọ́ ni tòkunbọ̀ náà kò jẹ́ kí ara tù ú, tí ó sì wá bá yín pé kí ẹ bá òun tún un ṣe, ọ̀nà méjì ni mo ti rí tí ẹ ń gbà. Èkíní ni ti ọ̀lẹ: ẹ ó yí orúkọ tí ń hàn lójú ìwọlé, ẹ ó gba owó, oníbàárà yóò dúpẹ́, fódà abẹ́ C:\Users yóò sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ àtijọ́ lọ, nítorí pé yíyí ọ̀kan kò kan èkejì. Èkejì ni ti ògbójú: ẹ ó wọ inú registry, ẹ ó wá ProfileList kàn, níbi tí ẹ̀rọ to àwọn olùlò rẹ̀ sí, kì í ṣe ní orúkọ o, bí kò ṣe ní nọ́ńbà gígùn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21, ẹ ó yí ohun tí a kọ síwájú ProfileImagePath, ẹ ó yí orúkọ fódà náà, ẹ ó pa ẹ̀rọ, ẹ ó sì tàn án padà. Bí lẹ́tà kan péré bá ṣì nínú ohun tí ẹ kọ, Windows yóò wá ilé náà tì, yóò sì pàgọ́ onígbà díẹ̀ fún onílé. Ẹni náà yóò ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, yóò figbe ta pé iṣẹ́ òun ti ṣègbé, bẹ́ẹ̀ gbogbo fáìlì rẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé, bí ó bá fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ tuntun sínú àgọ́ yìí, ìgbà tí ó bá jáde ni ẹ̀rọ yóò tú àgọ́ náà ká pẹ̀lú ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ ṣe é tí kò ṣì, àwọn ètò kan wà lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti kọ àdírẹ́sì àtijọ́ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn, wọn yóò sì máa kan ìlẹ̀kùn tí kò sí mọ́.

Apple kọ ìlànà iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn tí ń lo Mac, Linux sì ní àṣẹ usermod tí ó lè yí orúkọ kí ó sì kó ilé lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Windows kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí kò léwu ni kí ẹ dá olùlò tuntun sílẹ̀ ní orúkọ tí ó tọ́, kí ẹ kó ẹrù lọ bá a, kí ẹ sì jẹ́ kí ti àtijọ́ wà títí ohun gbogbo yóò fi fìdí múlẹ̀. Ó ń gba àkókò, mo mọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun bá sì dé gan-an ni àkókò tí ó dára jù láti tún orúkọ ṣe, nítorí pé kò sí ohun tí a ó tú palẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń béèrè orúkọ, ẹ ṣàlàyé fún oníbàárà pé lẹ́tà lásán ni kí a fi kọ ti fódà, láìsí àmì àti láìsí àlàfo, nítorí ètò kan ṣì ń bẹ títí dòní tí yóò dákú bí ó bá pàdé ẹ, ọ àti ṣ wa lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ń hàn lójú ìwọlé lè gba gbogbo àmì rẹ̀, kí Ṣọlá jẹ́ Ṣọlá. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí èdè tí ẹgbàágbèje ènìyàn ń sọ kò yẹ kí ó máa sá pamọ́ fún ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ìjà yẹn kì í ṣe ti oníbàárà yín, ẹ má fi fáìlì rẹ̀ jà á.

Ó wá ku ti ẹrù kíkó. Ẹ ó ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ ó kó Desktop, Documents àti Pictures, ẹ ó ní ó parí. Kò parí. Nínú ilé yẹn kan náà ni yàrá kan wà tí ń jẹ́ AppData, tí Windows fi pamọ́ fún ojú. Ibẹ̀ ni lẹ́tà ímeèlì tí Thunderbird ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni Chrome ń kó ohun tirẹ̀ sí, páswọ́ọ̀dù tí Chrome sì tọ́jú síbẹ̀ wà lábẹ́ àgádágodo tí ó so mọ́ olùlò orí ẹ̀rọ àtijọ́, débi pé bí ẹ gbé fódà náà lódindi, kò ní ṣí lórí ẹ̀rọ tuntun. Àfi kí a kó wọn jáde kí a tó pa èyí àtijọ́. Bí OneDrive bá ti gba Desktop àti Documents sábẹ́ ara rẹ̀, Desktop tí ẹ ń kó lè ṣófo, tàbí kí ó jẹ́ pé orúkọ fáìlì nìkan ni ó wà lórí ẹ̀rọ, tí fáìlì gan-an wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fláàṣì tí a ṣe ní FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó bá tó 4 GB, ayédèrú fláàṣì tí ń parọ́ bí inú rẹ̀ ṣe tóbi tó sì wà lọ́jà. Síbẹ̀ cut ni ẹlòmíràn nínú yín ń ṣe, kì í ṣe copy.

Èyí tí n kò lè fojú fò ni ti fọ́máàtì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà tí mo mọ̀, tí ó kó ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ sínú fódà tí ó dá sílẹ̀ tààrà sórí C, tí kò sí lábẹ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Ẹ̀ńjíníà kó ohun tí ó bá lábẹ́ orúkọ obìnrin náà, ó fọ́máàtì ìyókù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì ti ta ẹ̀rọ fún ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiyín nìkan. Windows 7 ní Windows Easy Transfer tí ń kó ẹrù láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Nígbà tí Windows 10 fi dé ní 2015, wọ́n ti mú un kúrò. Ṣùgbọ́n robocopy ti wà nínú Windows láti ìgbà Vista, kò gba kọ́bọ̀, ó sì lè kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ó gbé àti ohun tí ó kọ̀ láti gbé. Kí a ṣí Properties níhà méjèèjì, kí a fi iye fáìlì wéra, kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹ gba ìlàjì owó nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì gba ìyókù títí oníbàárà yóò fi jókòó síwájú ẹ̀rọ tuntun, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fáìlì tí ó bá wù ú. Kí díìsìkì àtijọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó fọ́máàtì rẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà tí ẹ sì ń ka lẹ́tà yìí, bí ẹ̀ńjíníà yín bá kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ yín, kí ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì.