Omi Wíwẹ̀ Yẹ Ní Kíkọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ìkìlọ̀ ni òwe yìí jẹ́ fún ẹni tí ó gbójú lé ọgbọ́n rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ti sọ ọ́ di ìdí tí ọmọ kò fi gbọdọ̀ kọ́ omi wíwẹ̀ rárá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wí pé omi wíwẹ̀ kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú. Ìtàn Alia Atkinson fi hàn pé irọ́ ni.

Ọmọ Jàmáíkà ni obìnrin yìí. Ọdún 1988 ni a bí i. Irú ìwẹ̀ tí ó yàn ni èyí tí òmùwẹ̀ ń da àyà dé omi, tí ó ń fi ọwọ́ méjèèjì là á níwájú, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó lọ sí Ìdíje Òlíńpíìkì, láti 2004 títí dé 2021, kò sì gba àmì-ẹ̀yẹ kankan níbẹ̀. Ipò kẹrin ni ó bọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012. Síbẹ̀ kò jáwọ́. Ní oṣù Kejìlá 2014, nínú ìdíje àgbáyé ní Doha, ó fi ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 2.36 wẹ mítà 100. Ó borí Ruta Meilutyte ọmọ Lithuania, ó sì di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní lágbàáyé nínú omi wíwẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ìdánrawò ni ó gbé e dé ibẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ní 2011, ìkún omi tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Lóòótọ́, òmùwẹ̀ pàápàá kò lè bá irú omi bẹ́ẹ̀ jà. Kí a má dí ojú odò ni àtúnṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ sínú odò ní ọjọ́ tí ọ̀run mọ́ lè gba ara rẹ̀ là bí ó bá mọ̀wẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé owó kò sí. Ṣùgbọ́n adágún ìwẹ̀ wà ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì ìlú náà, ní Bódìjà àti Ring Road. Ó sì ṣeé ṣe kí ilé-ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan pawọ́ pọ̀ yá ọ̀kan lò ní òwúrọ̀. Òmùwẹ̀ lè bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kò tilẹ̀ ní ohun tí yóò fi bá omi jà.