Igi Tó Bá Ilẹ̀ Prince George's Mu: Lẹ́tà Gbangba sí Alákòóso Àgbà Káúńtì

Sí Alákòóso Àgbà Káúńtì Prince George's ní Largo, Maryland, àti sí àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ Káúńtì:

Kí igi tó lè pẹ́ níbì kan, ó gbọ́dọ̀ la alẹ́ tó tutù jù lọ nínú ọdún já. Orí èyí ni USDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀gbìn, gbé máàpù sóònù rẹ̀ kà. Wọ́n wo bí òtútù ṣe mú tó ní alẹ́ tó burú jù lọ́dọọdún fún 30 ọdún, wọ́n wá ìdá àárín rẹ̀, wọ́n sì pín ilẹ̀ Amẹ́ríkà sí sóònù 13. Sóònù kọ̀ọ̀kan gba dígíìrì Fahrenheit 10, wọ́n sì tún la ìkọ̀ọ̀kan sí a àti b. Nínú máàpù tó jáde ní oṣù Bélú ọdún 2023, tó lo àkọsílẹ̀ ọdún 1991 sí 2020, èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Prince George's bọ́ sí 7b. Ìdá àárín alẹ́ tó burú jù níbẹ̀ jẹ́ dígíìrì 5 sí 10 Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bíi 15 sí 12 nísàlẹ̀ òdo ní Celsius. Nínú máàpù ti 2012, apá púpọ̀ nínú káúńtì ṣì wà ní 7a. Òtútù ń dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dẹwọ́ tó èyí tí máńgò lè fara dà.

Ìdá àárín kì í ṣe ààlà. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1899, òtútù ní Washington já sí dígíìrì 15 nísàlẹ̀ òdo Fahrenheit, kò sì sí ìwé kankan tó sọ pé irú rẹ̀ kò lè padà wá. Máàpù náà kò sì sọ nǹkan kan nípa ooru, òjò tàbí ilẹ̀. Bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wo London, sóònù 9 ló bọ́ sí, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgbà òtútù ibẹ̀ rọjú ju ti Bowie nínú káúńtì yìí lọ. Síbẹ̀, ilá tó ń so yanturu lẹ́yìnkùlé àwọn ará Bowie ṣòro kó so ní Peckham, ní London, láìsí ilé onígíláàsì, nítorí oòrùn ibẹ̀ kò mú tó. Ní Prince George's, ọ̀sán oṣù Agẹmọ sábà máa ń kọjá dígíìrì 85, afẹ́fẹ́ a sì wúwo fún ọ̀rinrin. Òjò tó lé ní 40 ínǹṣì ló ń rọ̀ lọ́dún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba láàárín oṣù méjìlá. Kò rí bíi ti Ìbàdàn, níbi tí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ̀nà, tí ilẹ̀ a sì gbẹ táútáú nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, olú, àrùn ewé àti èso jíjẹrà ló ń pa igi eléso ní káúńtì yìí ju òtútù lọ.

Ìtàn tó yẹ kí gbogbo ẹ̀ka tó ń gbin igi fún káúńtì mọ̀ jù lọ ṣẹlẹ̀ nínú káúńtì yìí kan náà. Ìtàn píà Callery ni. Kì í ṣe píà olóróro tí wọ́n ń fi jẹ búrẹ́dì ní Nàìjíríà. Ẹbí ápù ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní fire blight ń sọ ẹ̀ka píà di dúdú bí ẹni pé iná ló jó o. Igi Callery láti Ṣáínà kì í sábà kó àrùn náà, USDA sì rán òṣìṣẹ́ rẹ̀, Frank Meyer, lọ síbẹ̀ láti kó irúgbìn rẹ̀ wá, kí àwọn àgbẹ̀ lè máa lọ́ píà tó ń so èso jíjẹ mọ́ orí gbòǹgbò rẹ̀. Meyer kú sínú odò Yangtze ní 1918, ṣùgbọ́n irúgbìn Callery láti Ṣáínà dé ọgbà ìwádìí USDA ní Glenn Dale, ìrìn díẹ̀ sí Bowie.

Nínú àwọn igi tó hù níbẹ̀, ọ̀kan wà tí kò ní ẹ̀gún, tí orí rẹ̀ rí roboto, tí òdòdó funfun sì máa ń bò ó láti òkè délẹ̀ kí ewé tó yọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Bradford, orúkọ ọ̀gá kan tó ti darí ọgbà náà rí. Ní 1954 wọ́n gbìn ín sí ẹ̀bá títì ní University Park láti dán an wò. Ó yè, kò ṣàìsàn, ilẹ̀ burúkú kò dí i lọ́wọ́. Ní 1963 ó bọ́ sọ́jà, kò sì pẹ́ tí ó fi kún gbogbo àdúgbò tuntun láti Maryland dé California.

Sóònù kò ṣe é ní nǹkan kan. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò wò ni wàhálà ti wá. Ẹ̀ka Bradford máa ń ti ojú kan náà yọ lára ìtì, wọ́n á rọ́ mọ́ra wọn, nígbà tí igi náà bá sì tó bí 20 ọdún, ìjì kan ṣoṣo lè là á sí méjì. Èkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo Bradford jẹ́ ẹ̀ka igi kan ṣoṣo tí wọ́n lọ́, nítorí náà lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn kò lè mú ara wọn so. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọlọ́gbà mú irú Callery mìíràn jáde, tí wọ́n gbìn wọ́n sítòsí ara wọn, àwọn oyin ṣe iṣẹ́ wọn. Èso kéékèèké yọ, ẹyẹ jẹ ẹ́, wọ́n sì ń yàgbẹ́ rẹ̀ káàkiri. Àwọn ọmọ tó hù padà sí ìwà àwọn baba ńlá wọn: ẹ̀gún gígùn tó lè gún táyà. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ gba Route 50 ní ìparí oṣù Ẹrẹ̀nà yóò rí i ní ẹ̀gbẹ́ títì, funfun báláú, ó sì ń rùn bí ẹja tó ti rà. Ohio fòfin de títà rẹ̀ ní 2023, Pennsylvania ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024.

Ti igi ash náà kò jìnnà síyẹn. Ní 2003, ọgbà kan tó ń ta igi nínú káúńtì gba ash wọlé láti Michigan, kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ń pè ní emerald ash borer sì wà nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ pa àwọn igi náà àti àwọn ash tó wà nítòsí run, ṣùgbọ́n nígbà tó di 2006, kòkòrò náà tún fojú hàn. Ọmọ rẹ̀ a máa jẹ abẹ́ èèpo igi yípo, títí omi kò fi ní lè gòkè mọ́. Àdúgbò tó bá ti gbin ash nìkan sí ojú títì rẹ̀ ń di ìhòòhò láàárín ọdún mélòó kan, káúńtì ni yóò sì san owó gígé rẹ̀.

Frank Santamour, onímọ̀ ìrandíran igi ní Ọgbà Igi Àpapọ̀ tó wà ní Washington, fi ìlànà kan lélẹ̀ ní 1990 tó yẹ kó wà nínú gbogbo ìwé àdéhùn igi gbígbìn: kí irú igi kan má ṣe ju ìdá 10 nínú 100 lọ ní ìlú kan, kí ìdílé kékeré kan má ṣe ju 20 lọ, kí ẹbí ńlá má sì ju 30 lọ. Ìlànà gbogbogbòò ni, kì í ṣe òfin. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé 10 ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe máa lọ síbi igi tó bá pọ̀ lọ́jà lọ́dún náà.

Igi tó ti mọ ilẹ̀ yìí lára kò wọ́n. Óákù funfun, tí Maryland fi ṣe igi ìpínlẹ̀ ní 1941, ń fẹ́ àyè ńlá, kò yẹ abẹ́ wáyà iná. Lábẹ́ wáyà, redbud, serviceberry àti fringe tree kò ní ga jù. Crape myrtle tí Donald Egolf àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ yọ jáde ní Ọgbà Igi Àpapọ̀ náà, irú bíi Natchez ti 1978, kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè kó àrùn ewé tí wọ́n ń pè ní powdery mildew. Ní ibi tí omi ti ń dúró, pàápàá lórí amọ̀ Marlboro tó gba orúkọ Upper Marlboro, olú-ìlú káúńtì, óákù ẹrẹ̀ tí wọ́n ń pè ní swamp white oak, black gum àti bald cypress ló lè gbé inú rẹ̀. Píìṣì tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀ yóò jẹrà láti gbòǹgbò.

Ọ̀rọ̀ igi eléso kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Hyattsville, Lanham, Bowie, Laurel àti Upper Marlboro gan-an. Kò sí ilé tí wọn kò ti kó kóró máńgò sínú ìkòkò rí. Á hù, á yọ ewé pupa dídán, á sì kú ní oṣù Ọ̀pẹ bí wọn kò bá gbé e wọlé, nítorí máńgò kékeré kò lè fara da ìrì dídì. Àgbálùmọ̀ àti àgbọn kò yàtọ̀. Ọsàn lè gbé inú ìkòkò ńlá bí wọ́n bá ń gbé e wọlé nígbà òtútù, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe igi tí káúńtì lè pín fún aráàlú.

Èyí tó lè rọ́pò máńgò ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá odò Potomac àti Patuxent. Pawpaw ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í ṣe ìbẹ́pẹ. Ìbátan ṣáwánṣópù ni. Ewé rẹ̀ gùn, ó rọ̀ wálẹ̀, àgbọ̀nrín kì í sì fẹ́ jẹ ẹ́, àǹfààní ńlá nìyẹn ní àdúgbò tí àgbọ̀nrín ti ń jẹ gbogbo nǹkan. Èso rẹ̀ máa ń pọ́n láti ìparí oṣù Ògún wọ oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó dùn bí ẹni tó po máńgò mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Irú pawpaw tí Neal Peterson yọ jáde, tó sì sọ ní Shenandoah, Susquehanna àti Potomac, orúkọ odò agbègbè yìí, tóbi ju ti inú igbó lọ, kóró wọn kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Igi méjì tí kì í ṣe ẹ̀ka ara wọn gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí wọ́n tó so, eṣinṣin àti kòkòrò tí wọ́n ń pè ní beetle ló sì ń ṣe iṣẹ́ oyin fún wọn. Kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ lẹ́yìn kíká, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ní sùpámákẹ́ẹ̀tì.

Persimmon ilẹ̀ yìí náà kì í bẹ̀rù òtútù, kìkì pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ kó tó rọ̀ dáadáa yóò mọ ohun tí ẹnu ríro jẹ́. Ọ̀pọ̀tọ́, bíi Brown Turkey tàbí Celeste, yẹ fún ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí gúúsù: bí òtútù bá pa á dé ilẹ̀, Brown Turkey sábà máa ń rú láti gbòǹgbò, tí yóò sì tún so lórí ẹ̀ka tuntun. Ápù ń gbé ibí, ṣùgbọ́n redcedar igbó tó wà ní gbogbo pápá àtijọ́ ń kó àrùn ìpẹtà ràn án, nítorí náà irú tó lè dènà rẹ̀, bíi Liberty tàbí Enterprise, ló tọ́. Píìṣì lè yọ òdòdó ní ìparí oṣù Ẹrẹ̀nà, òtútù sì lè padà wá ní oṣù Igbe; ní dígíìrì 28, òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ápù tó ń so ní Florida, bíi Anna, tún lewu ju bẹ́ẹ̀ lọ: wákàtí òtútù díẹ̀ ni ó nílò kó tó jí, bí ooru díẹ̀ bá dé ní oṣù Èrèlé, yóò rò pé ọdún ti yí. Kò sí ohun tó wà lára sóònù 7b tí yóò kìlọ̀ èyí fún ẹni tó ń rà á.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí ti wà. Òfin Tree Solutions Now ti 2021 sọ pé kí Maryland gbin mílíọ̀nù 5 igi onílẹ̀ kí ọdún 2031 tó parí, kí 500,000 nínú wọn sì wà ní àwọn àdúgbò ìlú tí wọ́n ti fi sẹ́yìn. Pawpaw, persimmon àti serviceberry jẹ́ igi onílẹ̀; wọ́n lè wà nínú iye náà, wọ́n sì lè bọ́ ọmọ ènìyàn. Ètò Rain Check tí káúńtì bá Chesapeake Bay Trust ṣe náà ti dá owó igi padà fún onílé rí. Ohun tó kù ni ìwé ìtọ́kasí kan tí kò ju ojú ewé méjì lọ, tó máa sọ gíga igi, ilẹ̀ tó fẹ́, iye igi tó yẹ kó wà pọ̀ kí ó tó so, àti oṣù tí èso rẹ̀ ń pọ́n, ní Gẹ̀ẹ́sì, Sípáníìṣì, Faransé, Amharic àti Yorùbá. University of Maryland, tó wà ní College Park nínú káúńtì, ní àwọn onímọ̀ àti àwọn Master Gardener tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lú pé igi eléso kò yẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀, níbi tí èso á ti máa já sílẹ̀ tí agbọ́n á sì máa rọ́ dé. Pápá ilé-ẹ̀kọ́, ilẹ̀ páàkì àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ní koríko éékà púpọ̀ ló yẹ ẹ́. Igi tó bá sì máa wà lórí ilẹ̀ títì gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, lábẹ́ òfin igi ẹ̀bá ọ̀nà tó ti wà láti 1914.

Ìgbà tó dára jù fún gbígbìn ọ̀pọ̀ igi wọ̀nyí ni oṣù Ọ̀wàrà àti Bélú, nígbà tí ilẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, tí ewé kò sì béèrè omi mọ́. Pawpaw yàtọ̀, ó fẹ́ràn kí wọ́n gbìn ín ní ìgbà ìrúwé, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kì í fẹ́ ọgbẹ́. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ló ń pinnu: igi nílò omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n má sì ṣe kó èèpo igi jọ bí òkìtì sí ìdí rẹ̀, nítorí èèpo ìtì á jẹrà. Àdéhùn tó ń san owó fún iye igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní ìdí láti bomi rin wọn. Kí káúńtì mú apá kan owó dúró, kí ó sì san án ní ọdún kẹta, fún kìkì àwọn igi tó ṣì ní ewé lórí ní oṣù Okúdù ọdún náà.

Láti ọwọ́ olùgbé káúńtì kan, Bowie.