Ẹni Tó Gbẹ̀yìn Ni Ó Ń Kọ́kọ́ Mú

Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ti rí i bí wọ́n ti ń ṣe é: ọ̀gá méjì á bọ́ síwájú, wọn á máa mú ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tèmi nìyí, tìrẹ nìyẹn, títí yóò fi ku ọmọ kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ irú eré yìí di òfin, owó ńlá sì wà nídìí rẹ̀. Draft ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀lù tiwọn ni mo ń wí o, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ra sáré tí wọ́n sì ń dé akoto gbá, kì í ṣe èyí tí àwa ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ẹgbẹ́ 32 ni ó ń fi í ṣe iṣẹ́ jẹun lábẹ́ àjọ NFL, inú yunifásítì sì ni wọ́n ti ń rí ọmọ tuntun.

Ṣáájú ọdún 1936, ọmọ tó bá jáde ní yunifásítì, ibi tó wù ú ni yóò lọ. Ibo ni yóò sì wù ú bí kò ṣe ibi tí owó gbé wà? Àwọn ẹgbẹ́ ńlá bíi Chicago Bears àti New York Giants a máa rí àwọn ògidì kó, àwọn aláìní a sì máa ṣa èyí tó kù. Bert Bell ni ó ni ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles nígbà náà. Ó fi owó lọ ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Stan Kostka, ó ṣípẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Brooklyn ni Kostka gbà lọ. Ní ọdún 1935 yẹn, ìgbà 11 ni Eagles gbá bọ́ọ̀lù, ìgbà 2 péré ni wọ́n borí.

Kí ìdíje ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀ ni Bell ti dìde nínú ìpàdé àwọn tó ni ẹgbẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ń jáde sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn kọ́kọ́ mú, kí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ mú kẹ́yìn. Ẹni tí ẹgbẹ́ kan bá sì ti mú, kí ẹgbẹ́ mìíràn má ṣe bá a sọ̀rọ̀ owó mọ́. Ẹ kò ní ṣàì kíyè sí i pé ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lágbára ni ó dá àbá yìí! Síbẹ̀ àwọn olówó gbà fún un, nítorí bí aláìlágbára bá kógbá sílé tán, ta ni alágbára yóò bá gbá? Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 1936, nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia, wọ́n kọ orúkọ ọmọ 90 sí ojú pátákó dúdú, ẹgbẹ́ 9 sì mú 81 nínú wọn. Jay Berwanger ti Yunifásítì Chicago ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ẹ wá wo nǹkan: Berwanger kò gbá bọ́ọ̀lù owó lẹ́ẹ̀kan títí ó fi kú. Owó wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì gba ìdí òwò fóòmù lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Láti 1936 di 1948, ìgbà mẹ́tàlá gbáko ni wọ́n jókòó ṣa ọmọ, wọn kò mú aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo. Ọdún 1949 ni Chicago Bears tó mú George Taliaferro ti Yunifásítì Indiana, ní ìpele kẹtàlá. Ní gbogbo ọdún tó ṣáájú, pátákó nìkan ni ó dúdú.

Nísinsìnyí, ìpele méje ni wọ́n ń mú, ní oṣù kẹrin ọdọọdún. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti kúrò ní ilé-ìwé girama fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó lè mú un. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ lọ sí Indianapolis. Wọ́n á wọn gíga wọn, wọ́n á wọn apá àti àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n á ní kí wọ́n sáré yáàdì 40, kí wọ́n gbé irin tó wọn pọ́ùn 225 sókè léraléra. Dókítà á tẹ orúnkún wọn wò. Bí àlejò bá yọjú, yóò rò pé ọjà màlúù ni òun dé. Kò dùn mọ́ mi nínú, pàápàá tí mo bá wo àwọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń wọ̀n.

Ǹjẹ́ ìwọ̀n náà tilẹ̀ ń sọ òótọ́? Ní ọdún 2000, Tom Brady ti Yunifásítì Michigan sá yáàdì 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá 5.28, bí ẹni tí ń lọ sí oko. Wọ́n mú ènìyàn 198 kí wọ́n tó dé orí rẹ̀. Ìgbà méje ni ó gba ife ńlá. Olùkọ́ ni mí, èmi náà ń ṣe ìdánwò fún ọmọ. Mo mọ̀ pé ìdánwò ń rí ẹsẹ̀ ju bó ti ń rí àyà lọ.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ti ọmọ fúnra rẹ̀. Òfin yìí ṣe ẹgbẹ́ aláìní lóore, ṣùgbọ́n ta ni ó bi ọmọ léèrè ìlú tó fẹ́ gbé? Ní 2004, San Diego Chargers ni yóò kọ́kọ́ mú, Eli Manning sì ti ní òun kò bá wọn ṣe. Wọ́n mú un bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú New York Giants lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ Archie Manning ni Eli, ògbólógbòó tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀. Ọmọ tálákà mélòó ni ó lè dán irú rẹ̀ wò? Owó pàápàá, ipò tí wọ́n ti mú ọ ni yóò sọ ọ́. Sam Bradford, ẹni àkọ́mú ọdún 2010, gba àdéhùn ọdún mẹ́fà tó tó mílíọ̀nù 78 dọ́là. Wọ́n fi òfin dé owó ọmọ tuntun ní 2011, àdéhùn ọdún mẹ́rin àti mílíọ̀nù 22 ni Cam Newton, ẹni àkọ́mú ọdún náà, sì rí gbà.

Inú mi dùn ní 2024 nígbà tí New York Jets mú Olu Fashanu ní ipò kọkànlá, orúkọ ilé wa láàrin orúkọ òyìnbó. Ṣùgbọ́n Brendon Ayanbadejo ni mo máa ń rántí. Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ní 1999, wọ́n ka gbogbo orúkọ tán, wọn kò pe tirẹ̀. Atlanta gbà á, kò rí àyè dúró níbẹ̀, ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Kánádà, ó padà wá, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Baltimore Ravens tó gba ife ńlá ní oṣù kejì ọdún 2013. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ ìkẹyìn tán báyìí, tẹlifóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún nílé àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mú. Ẹgbẹ́ méjì, mẹ́ta lè pe ọmọ kan ṣoṣo. Owó wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn nìkan, nínú gbogbo ọmọ ọdún náà, ni ó láǹfààní láti sọ pé, “Ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀,” tàbí, “N kò wá.”