Ìdí Tí Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Fi Ń Kù Sínú Ọ̀rá

Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí aboyún máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ ìbímọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ hóró oògùn yìí ni ó máa ń kù sínú ọ̀rá tí a fi dì í.

Àwọn kan a máa pe irú aboyún bẹ́ẹ̀ ní olóríkunkun. Èrò tiwa yàtọ̀. Ẹni tí kò lo oògùn ní ìdí tí kò fi lò ó. Bí a kò bá gbọ́ ìdí náà, ìbáwí lásán kò lè tún ọ̀ràn náà ṣe.

Èébì ń gbé àwọn kan bí wọ́n bá ti lò ó. Àwọn mìíràn rí i pé ìgbẹ́ wọn dúdú, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Ìyá ọkọ ẹlòmíràn ti kìlọ̀ fún un pé oògùn náà yóò mú kí ọmọ tóbi jù, tí yóò fi di ọ̀ràn iṣẹ́ abẹ. Owó ni kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ní èsì. Bí a bá lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí nígbà tí a bá fẹ́ sùn, èébì a máa dínkù. Èròjà irin inú rẹ̀ ni ó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú; kò léwu. Kì í sọ ọmọ di òmìrán. Ó ń ṣèrànwọ́ ni kí ọmọ má baà kéré jù. Ẹni tí kò lówó, kí ó wí, kí a lè bá a wá ọ̀nà.

Ohun tí ó burú jù ni kí a fi ẹ̀jẹ̀ sínú, kí a máa tu itọ́ funfun. Bí a bá sọ fún nọ́ọ̀sì pé à ń lò ó, nígbà tí a kò lò ó, yóò máa wá àìsàn tí kò sí kiri, ọjọ́ ìbímọ yóò sì máa sún mọ́lé. Ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin mìíràn lè dà lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ kí ó sì dìde, ó lè gba ẹ̀mí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé kí ẹ tó fún aboyún ní oògùn. Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ, ẹ bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó ní kí ìyàwó má lò ó. Ẹ gbé oògùn náà jìnnà sí ọmọdé, nítorí ó lè pa ọmọ tí ó bá gbé púpọ̀ mì. Ẹ̀yin aboyún, ẹ sọ ohun tí ń bà yín lẹ́rù. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi.