Ìrìn Wa Kọ́ Ló Ń Já Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Púpọ̀ nínú fóònù tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, n'Íbàdàn, ni kò ní àìsàn kankan lára. Ẹni tó gbé e wá á ní, "Enjiníà, ẹ bá mi wò ó, ó máa ń já bí mo bá ti ń rìn." Màá tú u, màá yẹ̀ ẹ́ wò: áńtẹ́nà rẹ̀ kò gé, bátìrì rẹ̀ ṣì le, síìmù rẹ̀ jókòó dáadáa. Bí ẹni tó ni ín bá jókòó sójú kan, gbogbo nǹkan á máa lọ geere. Kó dìde báyìí, kó jáde lẹ́nu géètì, ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì á dákẹ́, áàpù báńkì á ní kó tún wọlé, fáìlì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn wa ti wá gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń rìn kò jẹ̀bi. Ẹni tó ṣe nǹkan tí a ó máa gbé rìn, tí kò ro ti ìrìn mọ́ ọn, òun ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ lórí ayélujára. Ó ní àwọn oníbàárà òun lókè òkun rò pé òun máa ń pa fóònù mọ́ àwọn létí ni. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ pe ẹnì kan, ká jọ jáde." Ó fi Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù mi pe àbúrò rẹ̀, a wá mú ọ̀nà títì pọ̀n. Lẹ́nu ọ̀nà, àmì Wi-Fi kún. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sun àgbàdo, ó ti ku ìlà kan ṣoṣo, ohùn àbúrò rẹ̀ sì ti ń gé kélekèle, síbẹ̀ fóònù ò fi Wi-Fi yẹn sílẹ̀. A tún sún síwájú díẹ̀, Wi-Fi lọ pátápátá, dátà wọlé, ìpè dákẹ́. Obìnrin náà ń pariwo "Hẹlóò! Hẹlóò!" títí ohùn fi padà. Mo gba fóònù náà, mo wọ inú Settings, mo fi ibi tí wọ́n ti ń sọ fún fóònù hàn án pé bí àmì Wi-Fi bá ti ń rẹlẹ̀, kó tètè bọ́ sórí dátà. Lórí Samsung, "Switch to mobile data" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lórí iPhone, "Wi-Fi Assist" ni. A tún ọ̀nà yẹn rìn. Ìdákẹ́ náà kúrú, àmọ́ kò tán. Ó bi mí pé, "Èyí tó kù ńkọ́?" Mo ní èyí tó kù kò sí lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀yin.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Oríṣi ìrìn méjì ni fóònù ń rìn. Àkọ́kọ́ ni láti abẹ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan dé abẹ́ òpó mìíràn tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà. Wọ́n ti yanjú èyí tipẹ́. Amos Joel, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́dún 1972 lórí bí ìpè ṣe lè kúrò lábẹ́ òpó kan bọ́ sí òmíràn láìjá. Nínú GSM tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001, bí a bá wà lórí ìpè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan tí fóònù ń ròyìn fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí òun ṣe ń gbọ́ àwọn òpó tó yí i ká, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè mọ ìgbà tó yẹ kó fà á lé òmíràn lọ́wọ́. Ti dátà náà kò yàtọ̀ púpọ̀: níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tó fún fóònù wa kì í sábà yí padà bí a ṣe ń ti abẹ́ òpó kan dé òmíràn.

Ìrìn kejì ló ń dá wàhálà sílẹ̀: láti Wi-Fi sí dátà, láti síìmù kan sí èkejì. Níbẹ̀, àdírẹ́sì yí padà. TCP, ìlànà tí Vint Cerf àti Bob Kahn gbé jáde lọ́dún 1974, tí ọ̀pọ̀ nǹkan orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì dúró lé lórí dòní, nǹkan mẹ́rin ló fi ń dá ìjíròrò mọ̀: àdírẹ́sì ìhà méjèèjì àti nọ́ńbà ojú ọ̀nà (port) ìhà méjèèjì. Kí ọ̀kan péré yí padà, àjèjì ti dé nìyẹn. A ò lè bá wọn wí jù, torí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kì í kúrò nínú yàrá tí wọ́n bá gbé e sí. Àmọ́ kì í ṣe pé ìrìn ò sí lọ́kàn wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1977, inú ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì nítòsí San Francisco ni wọ́n ti dán íntánẹ́ẹ̀tì wò: ọ̀rọ̀ ti inú ọkọ̀ náà gba orí rédíò, ó gba sátẹ́láìtì dé London, ó tún padà sí Los Angeles. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn kò kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rédíò tirẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ kò yí padà. Ohun tí wọn ò dán wò lọ́jọ́ náà ló ń jẹ wá níyà.

Kò ṣàìsí oògùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n tẹ ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní Mobile IP. Charles Perkins ló ṣe olóòtú ìwé náà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé bí ọmọ agboolé kan bá lọ ń gbé ní Èkó, ilé bàbá rẹ̀ n'Íbàdàn làwọn èèyàn á ṣì máa fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ sí, ẹnì kan á sì wà nílé tí yóò máa fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i níbikíbi tó bá ṣí lọ. Ó mọ́gbọ́n dání, àmọ́ ó fẹ́ kí ẹnì kan máa jókòó sílé nígbà gbogbo, ọ̀rọ̀ sì lè yí po kó tó dé ibi tí kò jìnnà. Kò wọ ọ̀pọ̀ fóònù mẹ̀kúnnù.

Èyí tó wọ̀ ọ́ ni QUIC. Google ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2012, ó sì di ìlànà gbogbo ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Ó fún ìjíròrò fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà, tó fi jẹ́ pé bí àdírẹ́sì bá yí padà, nọ́ńbà yẹn ni sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀, ń wò. Sẹ́fà á fi ìdánwò kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tuntun náà. Bí èsì bá pé, ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ síwájú láti ibi tó dé. Bí a bá sì bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, wọ́n ní kí fóònù lo nọ́ńbà tuntun tí òun àti sẹ́fà ti jọ mọ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ń ṣọ́ wa lójú ọ̀nà má fi tọpa wa. Láti ọdún 2020 ni Facebook ti sọ pé ó lé ní ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ àwọn ló ń lo QUIC. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo sẹ́fà tó ń lo QUIC ló ṣí ilẹ̀kùn ìṣípòpadà yìí. Ọ̀pọ̀ gbé e wọlé nítorí pé ó yára, wọ́n wá ti apá tí ì bá ran ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ pa.

Ẹjọ́ àwọn báńkì ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rò. Oníbàárà kan sanwó fún ọlọ́jà nígbà tó ń jáde kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀. Wi-Fi ọ́fíìsì já, dátà wọlé, áàpù yí títí, ó ní kò ṣeé ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Álẹ́ẹ̀tì méjì ló wọlé, owó méjì ló kúrò. Àwọn oníbáńkì á ní nítorí ààbò ni àwọn ṣe ń lé ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá yí padà jáde, kí olè má baà gba ojú ọ̀nà ẹlòmíràn wọlé. Ọ̀rọ̀ gidi ni, olè wà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó wà láàárín fóònù àti sẹ́fà ló ń fi ẹni tó ni àkáǹtì hàn. Àdírẹ́sì kò lè fi í hàn, torí ọgọ́rọ̀ èèyàn ló lè máa lo àdírẹ́sì kan ṣoṣo lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Ká tilẹ̀ ní wọn ò fẹ́ QUIC, kí ló dé tí wọn ò lè fún owó tí a fẹ́ san ní nọ́ńbà kan ṣoṣo láti inú fóònù, kó lè jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò lọ? Àwọn tó mọṣẹ́ ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Nígbà tí mo bá ń lọ ra ẹ̀yà fóònù ní Computer Village, rélùwéè ni mo máa ń wọ̀ láti Mọ́níyà, màá sọ̀ ní Agége. Bí a bá ti kúrò ní Olódó tí à ń sún mọ́ Abẹ́òkúta, ẹ wo àwọn èrò inú ọkọ̀: síìmù kan kú, wọ́n yí i sí èkejì; èkejì kú, wọ́n yí i padà. Síìmù tó kú lọ́wọ́ mi lè máa ṣiṣẹ́ geere fún ẹni tó jókòó tì mí, tó ń lo ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Ohun tó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ máa ṣe láàárín ara wọn ni àwa ń fi ìka wa àti owó dátà ọ̀nà méjì ṣe fún wọn. Bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá pe 112 fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, fóònù lè gba orí òpó ilé iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá wà nítòsí. Ẹ̀rọ mọ ọ̀nà náà. Àdéhùn ni kò délẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé a ò dán an wò. Lọ́dún 2020, láti oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, fọwọ́ sí ìdánwò kan láàárín MTN àti 9mobile ní àwọn apá kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí síìmù ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ lórí òpó èkejì. Lọ́dún 2025, àwọn méjèèjì yìí kan náà tún wọ àdéhùn bẹ́ẹ̀, 9mobile sì ti di T2 báyìí. Ó dára, àmọ́ ilé iṣẹ́ méjì kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè. Mo mọ̀ pé ẹni tó náwó gbé òpó sínú igbó kò ní fẹ́ kí ẹlòmíràn wá jẹun ọ̀fẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kó rí. Kí NCC dá iye tí àwọn ilé iṣẹ́ máa san fún ara wọn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà rélùwéè àti àwọn márosẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn baba wa ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọmọ Yorùbá ò jókòó sójú kan rí, a ò sì ní bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí torí áàpù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù ní Yábàá àti n'Íbàdàn, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín jáde, ẹ mú un dání kúrò lórí Wi-Fi ọ́fíìsì, ẹ wọ ọkọ̀, kí ẹ sanwó nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, nígbà tí owó yín bá tún lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ kọ̀wé sí báńkì yín, bí wọn ò bá dáhùn, ẹ kọ sí báńkì àpapọ̀. Fóònù yín kò bàjẹ́. Ẹ má gbé e wá bá mi mọ́.